Ṣé O Mọ̀? Ahọ́n Esùsú Ló Ń Kọrin Nínú Fèrè Alápò

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń dún nínú fèrè alápò àwọn ará Skọ́tlándì kì í ṣe àpò rẹ̀, kì í sì í ṣe igi rẹ̀? Koríko ni. Pẹlẹbẹ esùsú méjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná lọ ni wọ́n dì mọ́ ẹnu ọ̀pá bàbà tíńtín kan. Bí atẹ́gùn bá ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n á máa pàdé, wọ́n á máa pínyà, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó ń la òpópónà já, tí ẹni tó wà ní òdìkejì ọjà fi ń yíjú wò, àárín pẹlẹbẹ méjì yẹn ló ti jáde. Àwọn tó ń fun fèrè náà ń pè é ní ríìdì. Ahọ́n ni mo máa pè é níbí, nítorí iṣẹ́ ahọ́n ló ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ahọ́n mẹ́rin ló wà nínú fèrè alápò ńlá ti Skọ́tlándì, èyí tí wọ́n ń pè ní pìob mhòr ní èdè Gàídhlig? Ẹni tó ń fun ún máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò láti ẹnu ọ̀pá kan, á fi apá fún àpò náà mọ́ ìhà, atẹ́gùn á sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà kan lọ sí ọ̀pá olórin, èyí tó ní ihò tí ìka ń dí, tí ìka sì ń ṣí. Mẹ́ta yòókù lọ sí àwọn ọ̀pá elégbè tó fẹ̀yìn ti èjìká. Elégbè kì í yí ohùn padà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Bí a bá pe ohùn tí ọ̀pá olórin fìdí lé ní dò, elégbè kékeré méjèèjì wà ní dò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, elégbè ńlá sì wà ní dò tó tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí kò ní pẹ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá olórin ni ìyáàlù, àwọn elégbè ni omele tí kì í kúrò lójú kan, kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù lè rí ilẹ̀ tẹ̀.

Pé ìró mẹ́sàn-án péré ni ọ̀pá olórin yìí ní? Mẹ́sàn-án. Orin ìgbéyàwó, orin ogun, orin ìsìnkú, orin tí àwọn ọmọdé fi ń jó, inú mẹ́sàn-án yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Pé fèrè náà kò lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Bí atẹ́gùn bá dín kù nínú àpò, ahọ́n á kọ̀, ohùn á ṣubú. Bó bá pọ̀ jù, ahọ́n á han gooro tàbí kó pa dé. Agbára kan náà ló gbọ́dọ̀ máa bá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, yálà afunfèrè ń mí sínú tàbí ó ń mí sóde. Iṣẹ́ tí apá ń ṣe lórí àpò nìyẹn: nígbà tí ẹnu bá ń sinmi, apá á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pé kò sì lè dákẹ́ láàárín orin? Akọrin lè dánu dúró, onídùndún lè gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, ṣùgbọ́n fèrè alápò tí àpò rẹ̀ ti kún kò ní ìsinmi. Báwo wá ni èèyàn ṣe lè fun ìró kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra? Ìka kan á fò sókè fìrí, ìró mìíràn tó kéré jọjọ á já wọ àárín, á sì pín wọn níyà. Àwọn ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni ọmọ ẹ̀kọ́ fi ń lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà orin náà wà: ohun tí fèrè kò lè ṣe ló bí ọgbọ́n tí a fi ń dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún fèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ahọ́n olórin àti ahọ́n elégbè kò jọra rárá? Ti olórin jẹ́ pẹlẹbẹ méjì tó kọjú síra wọn, bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀. Ti elégbè jẹ́ ọ̀pá esùsú kékeré kan tí wọ́n dí lórí, tí wọ́n wá fi ọ̀bẹ là lára débi pé awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbéra níbẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ṣì dúró mọ́ ọ̀pá. Awẹ́ yẹn ló ń lu ara ọ̀pá lálùtúnlù. Bí awẹ́ náà bá ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, àwọn àgbà iṣẹ́ a máa ki fọ́nrán irun kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀, kó lè ráàyè mí. Bí ohùn rẹ̀ bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á kán ìda díẹ̀ sí orí awẹ́ náà kó lè wúwo, ohùn á sì wálẹ̀. Òwú tí wọ́n wé mọ́ ìdí awẹ́ náà ńkọ́? Bí wọ́n bá sún un síwájú, awẹ́ á kúrú, ohùn á gòkè. Bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Fọ́nrán irun, ìda, òwú: èyí ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún ohùn ńlá náà ṣe.

Esùsú tí mò ń sọ yìí, Arundo donax ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ó máa ń ga ju mítà mẹ́fà lọ, ó fẹ́ràn etí odò, ó sì pọ̀ yí Òkun Mẹditaréníà ká. Àgbègbè Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lókìkí nítorí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ahọ́n kílárínẹ́ẹ̀tì, ti sasofóònù àti ti óbò tó wà káàkiri ayé ti ń jáde. Nítorí náà, sasofóònù tí o ń gbọ́ nínú orin jùjú tàbí nínú háíláìfù, ìbátan fèrè alápò ni: ewéko kan náà ló wà lẹ́nu wọn.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ewéko yìí kan náà ni wọ́n ń fi owó ńlá fà tu ní Amẹ́ríkà? Ní California, ó ti gba etí odò mọ́ àwọn igi ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń mu omi púpọ̀, ó sì máa ń tètè gbiná. Kì í fi èso bí ara rẹ̀. Gbòǹgbò tí omíyalé bá já gbé lọ ló máa ń hù níbi tó bá gúnlẹ̀ sí. Lẹ́bàá odò Rio Grande ní Texas, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń tú agbọ́n kéékèèké tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù sílẹ̀ kí wọ́n lè máa jẹ ẹ́ run. Ohun tí ẹnì kan ń tọ́jú bí ọmọ ọwọ́ kó lè di ohùn, ọ̀tá ló jẹ́ lóko ẹlòmíràn.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ahọ́n olórin? Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Wọ́n á gé esùsú tó ti gbó, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ títí tí àwọ̀ ewé fi máa kúrò lára rẹ̀ tí á sì pọ́n bíi wúrà. Esùsú tí kò gbẹ dáadáa á rọ̀ bó bá kan itọ́, ohùn rẹ̀ á sì kú. Wọ́n á là á sí awẹ́, wọ́n á fi irinṣẹ́ tó tẹ̀ bí ìlàjì òrùka gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè tín-ín-rín ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á wá gé e kó fẹ̀ lẹ́nu, kó sì tín-ín-rín ní ìdí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá bàbà. Ọ̀pá kékeré yìí rí roboto ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ orí rẹ̀ kó rí gbọọrọ bí ojú tí èèyàn pa dé díẹ̀, kí pẹlẹbẹ méjèèjì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìsí àlàfo. Òwú tí wọ́n ti fi ìda pa ni wọ́n á wé mọ́ ọn, ìlọ́po lórí ìlọ́po, títí tí kò fi ní sí ibi tí atẹ́gùn lè jò gbà. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń jò níwọ̀nba ihò abẹ́rẹ́, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, kò sí àtúnṣe tó kọjá kí wọ́n tú u kí wọ́n sì tún un wé.

Fífá ló kù. Ọ̀bẹ mímú àti sáńpépà ni wọ́n fi ń ṣe é, ètè ahọ́n náà á sì fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ á máa là á já bí o bá gbé e sókè sí fèrèsé. Ìfá kan tó bá pọ̀ jù, kò sí bí o ṣe fẹ́ dá a padà. Igi tí a gé kù ṣeé tún gé, esùsú tí a fá jù ti lọ nìyẹn.

Pé kò sí méjì tó dọ́gba? Esùsú kan náà, ọ̀bẹ kan náà, ọwọ́ kan náà, síbẹ̀ ahọ́n mẹ́wàá á jáde pẹ̀lú ìwà mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí afunfèrè fi máa ń kó ahọ́n jọ sínú àpótí kékeré, tí á sì máa gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n tuntun a máa le. Afunfèrè á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rọra tẹ ìdí rẹ̀, á fun ún fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, títí tí yóò fi gbọ́ràn. Tó bá ti wá dára tán, oṣù díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lò kí agbára wọn tó tán.

Pé téèpù dúdú táwọn oníná fi ń wé wáyà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ihò fèrè olówó iyebíye? Òótọ́ ni. Bí ìró kan bá ga díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, wọ́n á fi téèpù bo orí ihò rẹ̀ díẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Wo ọ̀pá olórin ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ díje, o máa rí téèpù lára rẹ̀.

Dídíje ọ̀hún kì í ṣe ti eré. Oṣù Kẹjọ ọdọọdún ni ìdíje àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ fèrè alápò máa ń wáyé ní Glasgow Green. Ẹgbẹ́ kan lè ní afunfèrè ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ahọ́n gbogbo wọn sì dún bí ẹyọ kan. Òjò lè rọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn ràn lọ́sàn-án, ohùn gbogbo fèrè á sì yí padà. Atẹ́gùn tó gbóná máa ń gbé ohùn sókè, ọ̀rinrin máa ń wọ inú esùsú, ó sì máa ń mú un wú. Olórí ẹgbẹ́ á máa ti ẹ̀yìn ẹnì kan bọ́ sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn, á máa tẹ́tí sí ohùn tó ń jáde, á sì máa ti ahọ́n wọlé díẹ̀ tàbí kó fà á síta díẹ̀, kí wọ́n tó wọ agbo.

Ṣé o mọ ìdí tí fèrè alápò àti dùùrù kì í fi í gbọ́ra wọn yé? Ohùn A tí ẹgbẹ́ olórin òyìnbó ń fi tún ohun èlò wọn ṣe máa ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí àwọn onífèrè alápò pè ní A lónìí sún mọ́ 480, ìyẹn sì ga ju B flat orí dùùrù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ohùn náà ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ kí tiwọn máa tàn ju ti aládùúgbò lọ.

Ahọ́n oníke ńkọ́? Ó ti dé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fun fèrè lónìí ló ń lo ahọ́n oníke fún ọ̀pá elégbè, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pá olórin, esùsú ṣì jọba. Wọ́n ti ṣe ti oníke fún òun náà, síbẹ̀ etí àwọn àgbà kò tíì gbà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí igi.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni igi fèrè alápò Skọ́tlándì ti ń wá? Mpingo ni àwọn tó ń sọ Swahili ń pè é, Dalbergia melanoxylon lẹ́nu àwọn onímọ̀. Tànsáníà àti Mòsáḿbíìkì ni wọ́n ti ń gé e jù. Àárín rẹ̀ dúdú bí èédú, ó sì wúwo débi pé bí o bá jù ú sómi, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ikán kì í fẹ́ ẹ jẹ. Igi kan náà ni àwọn oníṣọ̀nà Makonde fi ń gbẹ́ ère wọn tí ayé mọ̀. Nígbà tí o bá rí ọkùnrin aláṣọ kílíìtì tó ń fun fèrè ní iwájú ilé ìṣọ́ Edinburgh, igi ilẹ̀ wa ló fẹ̀yìn tì í léjìká, kò sì sí àní-àní pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí pé a kì í dárúkọ igi náà nígbà tí a bá ń yin fèrè náà.

Pé igi yìí kì í tètè dàgbà? Láti ìgbà tó bá hù títí dìgbà tó bá tó gé, ó lè gba ọdún 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó máa ń lọ́, ó máa ń ní ihò nínú, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú igi tí wọ́n bá gé ló sì máa ń dára tó láti di fèrè. Ní ọdún 2017, àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tó lè parun fi gbogbo ẹ̀yà Dalbergia sábẹ́ ìwé àṣẹ. Ìnira dé bá àwọn afunfèrè tó fẹ́ kọjá ẹnubodè. Ní ìparí ọdún 2019 ni wọ́n yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe parí kúrò nínú rẹ̀. Ní Kilwa, ní gúúsù Tànsáníà, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń ṣọ́ igbó mpingo wọn. Ní ọdún 2009 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí FSC pé àwọn ń gé igi lọ́nà tó tọ́, owó rẹ̀ sì ń wọ abúlé. Lójú mi, ìyẹn ṣe pàtàkì fún ọjọ́ iwájú fèrè náà ju ìdíje Glasgow lọ.

Kí mpingo tó dé, igi míràn ni. Àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ ní Skọ́tlándì ń lo igi ìbílẹ̀ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ òkun ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo cocus láti Jàmáíkà àti Cuba, wọ́n lo ẹ́bónì. Fèrè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti ọwọ́ MacDougall ará Aberfeldy tàbí Henderson ará Glasgow ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ahọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Igi náà ṣì ń dún.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í gbẹ́ igi náà parí lẹ́ẹ̀kan náà? Wọ́n á gé e sí ìtì kéékèèké, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó sinmi. Igi tó dà bíi pé ó ti gbẹ ṣì ń fún pọ̀, ó ṣì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, wọ́n á gbé e padà sórí ẹ̀rọ tó ń yí igi bíríbírí, wọ́n á tún ihò náà ṣe kó lè gún, wọ́n á sì tún fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá kánjú gbẹ́ ẹ tán lónìí á rí i pé ihò rẹ̀ ti wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Eruku rẹ̀ sì burú fún imú àti awọ ara, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bo imú lẹ́nu iṣẹ́.

Pé inú ọ̀pá olórin kò rí bí inú ọ̀pá elégbè? Ti olórin kéré lókè, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, bí ìwo. Ti elégbè gún régé. Ìrísí ihò yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀kan ké bí ohùn ìjà, kí àwọn yòókù sì máa kùn bí oyin.

Eyín erin? Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òrùka funfun tó wà lára fèrè àtijọ́, eyín erin ni púpọ̀ nínú wọn. Lónìí, ike tó jọ ọ́ tàbí fàdákà ni. Òfin eyín erin ti ọdún 2018 ní Bìrìtéènì ka òwò rẹ̀ léèwọ̀, àfi àwọn nǹkan díẹ̀ tí ó yọ sọ́tọ̀, lára wọn ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọdún 1975 tí eyín erin inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àpò ńkọ́? Awọ àgùntàn tàbí ti màlúù ni ti Skọ́tlándì látijọ́. Ní Bùlgáríà, odindi awọ ewúrẹ́ ni àpò gaida: wọ́n á ti ọ̀pá bọ ibi tí ọrùn àti ẹsẹ̀ wà, wọ́n á sì dì í pinpin. Awọ máa ń jò, nítorí náà wọ́n máa ń fi ohun tó ń lẹ̀ pò ó nínú. Àwọn mìíràn láyé àtijọ́ lo oyin. Àpò Gore-Tex, irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán ẹ̀wù òjò, ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí.

Ó yẹ kí o mọ èyí pẹ̀lú, nítorí ó kan ẹ̀mí. Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn Thorax tẹ ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 61 kan jáde ní England. Ó ti ń wúkọ́ fún ọdún méje, èémí rẹ̀ ń kúrú, oògùn kò sì ràn án. Ojoojúmọ́ ló ń fun fèrè alápò. Nígbà tó lọ sí Ọsirélíà fún oṣù mẹ́ta, fèrè rẹ̀ wà nílé, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ó padà dé, àìsàn padà dé. Àwọn dókítà nu inú fèrè náà wò, wọ́n bá olú wẹ́wẹ́ níbẹ̀, irú èyí tó máa ń hù sórí búrẹ́dì tó bá bu. Èémí tútù tó ń fẹ́ sínú àpò ló ń bọ́ wọn, òun náà sì ń fà wọ́n padà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fun ohunkóhun, ìbáà jẹ́ kàkàkí tàbí tíróḿbóònù ṣọ́ọ̀ṣì, kó tú u, kó nù ún, kó sì jẹ́ kó gbẹ kó tó dì í padà.

Ṣé o mọ̀ pé fèrè alápò kan ti dún lókè sánmà? Oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni Kjell Lindgren, arìnrìn-àjò òfúrufú ọmọ Amẹ́ríkà, fun tirẹ̀ nínú ibùdó òfúrufú àgbáyé láti fi dárò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó kú. Ike ni wọ́n fi ṣe é, ní Kilmarnock, Skọ́tlándì, nítorí ike ṣeé fọ̀ mọ́.

Pé Skọ́tlándì kọ́ ló ni fèrè alápò nìkan? Spéìn ní gaita, Ítálì ní zampogna, Tọ́kì ní tulum, Tùnísíà ní mezoued. Òǹkọ̀wé Suetonius sọ pé Nero, olú ọba Róòmù, jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun á fun fèrè alápò níwájú àwọn èèyàn bí ìjọba òun bá bọ́ lọ́wọ́ ewu. Nínú ìwé orin Cantigas de Santa Maria tí wọ́n kọ ní Spéìn ní ọ̀rúndún kẹtàlá, àwòrán àwọn afunfèrè alápò wà níbẹ̀ títí dòní.

Nílé wa ńkọ́? Algaita àwọn Hausa ní ahọ́n méjì tó kọjú síra, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá olórin ti Skọ́tlándì. Kò ní àpò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àpò rẹ̀: wo ojú ẹni tó ń fun ún níwájú ẹṣin ọba, o máa rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣe wú, tó ń fi imú fa èémí wọlé nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ti èyí tó wà ńlẹ̀ jáde. Ìṣòro kan náà ni, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà yanjú rẹ̀.

Àwọn ará Írẹ́lándì gba ọ̀nà kẹta. Fèrè wọn tí ń jẹ́ uilleann, orúkọ tó wá láti ara ọ̀rọ̀ wọn fún ìgúnpá, kò fẹ́ ẹnu rárá. Ẹwìrì kékeré ni wọ́n so mọ́ ìhà, bí ti alágbẹ̀dẹ, ìgúnpá sì ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Ìjókòó ni wọ́n ń jókòó fun ún. Nítorí pé èémí tútù kì í kan ahọ́n rẹ̀, wọ́n lè fá a fẹ́lẹ́ ju ti Skọ́tlándì lọ, ohùn rẹ̀ sì dẹ̀. Ìdí kan náà ni ahọ́n rẹ̀ fi lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. UNESCO fi ọgbọ́n fífun uilleann sínú àkọsílẹ̀ ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2017.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti so afunfèrè kọ́ nítorí fèrè? James Reid ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì sí ọba Bìrìtéènì ní ọdún 1745, ó sọ nílé ẹjọ́ ní York pé òun kò gbé idà, fèrè lòun ń fun. Adájọ́ dáhùn pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun òkè Skọ́tlándì kì í jáde láìsí fèrè, nítorí náà ohun èlò ogun ni. Wọ́n so ó kọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1746. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òfin ìgbà náà ka fèrè alápò léèwọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin náà ka ohun ìjà àti aṣọ àwọn ará òkè léèwọ̀, kò dárúkọ fèrè.

Pé ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ orin rẹ̀ kí ìwé tó dé? Canntaireachd ni wọ́n ń pè é: sílébù kan fún ìró kan, sílébù mìíràn fún àwọn ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Olùkọ́ á kọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ á gbà á, ìka á tẹ̀ lé e. Ìdílé MacCrimmon ní erékùṣù Skye, afunfèrè ìran MacLeod ti Dunvegan, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba fún ọmọ láti ìran dé ìran, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Àyàn ṣe ń gba ìlù. Kò yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu pé orin lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kó tó jẹ́ ti ọwọ́.

Sialkot ní Pakístán, ìlú tó lókìkí fún ṣíṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ló ń ṣe fèrè alápò jáde níye jù láyé. Igi sheesham, tí òun náà jẹ́ Dalbergia, ni wọ́n ń lò jù. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì ló gbé fèrè dé ibẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ìlú náà sì sọ ọ́ di tiwọn.

Rufus Harley sì wà. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ará Philadelphia, ó ń fun sasofóònù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ó rí àwọn afunfèrè Black Watch, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Skọ́tlándì kan, níbi ìsìnkú Ààrẹ Kennedy. Ohùn náà kò jẹ́ kó sinmi. Ó wá fèrè kiri títí tó fi rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹrù dógò ní New York, 120 dọ́là ló rà á. Ní ọdún 1965, àwo rẹ̀ Bagpipe Blues jáde, jáàsì lórí fèrè alápò. Ó lò ó lọ́nà tirẹ̀: èjìká ọ̀tún ló gbé elégbè lé. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ mọ ahọ́n sasofóònù lẹ́nu kò bá àjèjì pàdé nínú àpò yẹn.

Èyí tó kù: ṣé o mọ bí oníṣẹ́ ṣe ń mọ̀ pé ahọ́n ti dára? Kì í lo ẹ̀rọ lákọ̀ọ́kọ́. Á di ìlọ́po òwú tó kẹ́yìn, á fi ìda pa á, á fi ahọ́n náà sáàárín ètè rẹ̀, á sì fẹ́ ẹ láìsí àpò, láìsí igi. Ohùn tó ń wá kò dùn. Igbe ẹyẹ ló jọ, ó há, ó sì ki. Bí igbe náà bá kún tó sì dúró, á gbé e sọ́tọ̀. Bó bá tín-ín-rín, á mú ọ̀bẹ, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á wo ibi tó ṣì dúdú díẹ̀, á fá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì tún fẹ́ ẹ.